Ara Yíyún Tí Kì Í Ṣe Ẹ̀bi Ọṣẹ

Oṣù kẹjọ tí mo ti ń lọ fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀, nítorí kíndìnrín mi kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń le sí i lóru débi pé ilẹ̀ a mọ́, n óo bá ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ èékánná mi. Kò sí èélá, kò sí kúrúnà. Ojú ibi tí mo fọwọ́ ara mi họ nìkan ló hàn. Ọṣẹ mẹ́ta ni mo pààrọ̀ kí n tó sọ fún nọ́ọ̀sì, nítorí mo rò pé ọ̀rọ̀ ara yíyún kéré lójú dókítà tó ń bá mi tọ́jú kíndìnrín. Mo ṣìṣe.

Dókítà ní kí n sọ bó ṣe ń yún mi tó, láti 0 dé 10. Mo ní 8. Ó bi mí bóyá orí ẹ̀rọ nìkan ni, nítorí bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé ara kọ nǹkan kan nínú ohun èlò ẹ̀rọ náà, nínú pílásítà, tàbí nínú oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Èsì àyẹ̀wò fi hàn pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èròjà kan tó ń bá oúnjẹ wọlé, ti pọ̀ jù lẹ́jẹ̀ mi, ẹ̀jẹ̀ náà kò sì mọ́ tó. Ó dùn mí láti jẹ́wọ́ pé mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tú mi sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ kí àkókò tó pé, àti pé oògùn tó yẹ kó bá oúnjẹ wọ ikùn pọ̀, kó lè dì mọ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀, ìgbà tí àwo bá ti gbẹ ni mo ń rántí gbé e mì.

Awọ wa tún máa ń gbẹ, nítorí a kì í fi bẹ́ẹ̀ làágùn mọ́. Nísinsìnyí, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo fi ń wẹ̀, n kì í pẹ́ níbẹ̀, mo sì ń fi ìpara tí kò ní lọ́fínńdà pa ara kí omi tó gbẹ tán lára mi. Pẹ̀lú àwọn àtúnṣe wọ̀nyí, 8 mi di 5.

Ní ti oògùn àléjì tí gbogbo ènìyàn ń júwe, oorun ló fún mi. Ara náà ṣì ń yún mi. Gabapentin ló ràn mí lọ́wọ́, ìwọ̀nba kékeré, lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ ẹ̀jẹ̀ tán. Kíndìnrín ló yẹ kó gbé e jáde kúrò lára, nítorí náà bó bá pọ̀ jù fún irú wa, òòyì á kọ́ni, ènìyàn sì lè ṣubú. Dókítà nìkan ló gbọ́dọ̀ díwọ̀n rẹ̀. Ó tilẹ̀ mú kí ẹsẹ̀ mi tí kì í dúró jẹ́ẹ́ lórí ibùsùn sinmi. Oògùn mìíràn tún wà, difelikefalin, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 2021, tí wọ́n ń fi sínú iṣan níparí fífọ ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kò tíì lò ó.

Mo ti wà ní 3 báyìí. Ọjọọjọ́ Àìkú ni mo ń gé èékánná, ti ọwọ́ ọ̀tún ni mo sì ń kọ́kọ́ gé, nítorí òun ló máa ń wá apá òsì, níbi tí fístúlà mi wà (iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì tí wọ́n so pọ̀ fún fífọ ẹ̀jẹ̀), lọ lójú oorun.