Alhamdulillahi, mo lọ Ọ̀fà, mo sì bọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọba tí kì í tòògbé, tí kì í sùn. Lánàá, mo wọ mọ́tò láti Ìlọrin dé Ọ̀fà. Wọ́n so yìgì ọmọ wa níṣojú mi, mo jẹun, mo jó, mo ra ànàmọ́, mo sì padà wálé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí kò mọ̀ á ní kí ló wà nínú kéèyàn lọ Ọ̀fà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà pẹ̀lú mi láti ìgbà tí nǹkan ẹ̀rù yẹn ti ṣẹlẹ̀ sí mi lójú ọ̀nà Ọ̀fà, ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Mi ò ní tún un sọ. Ọlọ́hun ti yọ wá.

Ohun tí púpọ̀ nínú yín ò mọ̀ ni pé ìpayà ọ̀nà yẹn bá mi délé. Ẹnì kan á kàn ti ilẹ̀kùn gbàgà, àyà mi á já. Ọkọ mi á pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, mo ti ń ro ẹni tó máa wẹ òkú rẹ̀. Ikú ọ̀la ni mò ń kú lónìí, lójoojúmọ́.

Èyí tó burú jù lọ mú mi nínú kẹ̀kẹ́ ní Géri Àlímì. Ọ̀nà dí, mọ́tò onígíláàsì dúdú kan sì yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì, ọ̀fun mi há, ẹnu mi ń ta wínníwínní, ìka ọwọ́ mi ká kò, kò ṣeé nà. Mo mí, kò tó. Mo tún mí, kò tó. Mo ti ka kálímọ́ torí mo gbà pé ó parí. Oníkẹ̀kẹ́ yẹn kò já mi sílẹ̀. Ó wa kẹ̀kẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù, ó bá wọn gbé mi wọlé, kò sì gba kọ́bọ̀. Ọlọ́hun á ṣàánú ìyá tó bí i.

Wọ́n fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn mi ṣe ń lù, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, gbogbo rẹ̀ dára. Ẹ jọ̀ọ́, tí àyà bá ń dun ẹnikẹ́ni nínú yín, ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ ọkàn wò. Kí ẹnikẹ́ni má jókòó sílé kó máa fúnra rẹ̀ pè é ní ìpayà lásán.

Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, ọmọdébìnrin tí kò tó àkọ́bí mi. Kò sọ fún mi pé kí n fọkàn balẹ̀. Gbogbo ayé ti sọ ìyẹn. Ó fa àga sún mọ́ mi, ó ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dárúkọ nǹkan márùn-ún tẹ́ ẹ̀ ń rí nínú yàrá yìí.” Inú bí mi. Mò ń kú lọ, ọmọ yìí ń bá mi ṣeré! Ó tún un sọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo ní fáànù. Kàlẹ́ńdà. Bùtà aláwọ̀ ewé lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Sálúbàtà ẹnì kan, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní kí n fọwọ́ kan nǹkan mẹ́rin: irin bẹ́ẹ̀dì tutù, ìbòrí mi ti rin fún òógùn, ògiri ń họ, àtẹ́lẹwọ́ òun fúnra rẹ̀ gbóná. Mẹ́ta tí mò ń gbọ́: jẹnẹrétọ̀, ọmọ tó ń ké, obìnrin tó ń kiri búrẹ́dì níta. Méjì tí mò ń gbóòórùn. Ó wá fi súwìtì kan sí mi lẹ́nu, ó ní kí n sọ bó ṣe rí lẹ́nu mi. Kí n tó dáhùn, mo rí i pé mo ti ń mí. Ọkàn tó ti já lókùn bí ewúrẹ́ ọjà, ọmọ yẹn fi bùtà àti fáànù fà á wálé.

Òun náà ló ṣàlàyé fún mi. Tí ẹ̀rù bá bani, ohun kékeré kan tó wà lórí kíndìnrín máa ń tú oje ara kan tó ń jẹ́ adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, kí ara lè sá tàbí kó jà. Èémí tí mò ń mí lemọ́lemọ́ ló lé carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tá a máa ń mí síta, kúrò lára mi ju bó ṣe yẹ lọ, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi ká kò. Ó ní ìpayà náà sábà máa ń dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà á máa rọlẹ̀, àti pé kí n jẹ́ kí èémí tí mò ń mí síta gùn ju èyí tí mò ń mí sínú lọ. Ẹ ò rí i pé ìmọ̀ dára!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá sọ pé ìmáànì mi ló kéré, mo gbọ́ yín. Ìrun kan kò bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Aáfà wa gan-an ló sọ fún ọkọ mi pé kó má dá ọsibítù dúró, ó ní àdúà wà, ìtọ́jú náà wà. Tí mo bá ń ṣe àlùwàlá nísinsìnyí, mi ò kánjú mọ́. Mo máa ń jẹ́ kí omi tutù yẹn dé ìgúnpá, kí n mọ̀ pé ó débẹ̀, kí n tó lọ sórí èyí tó kàn.

Ẹni tó ní kí wọ́n mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de èèyàn, ìwọ náà mọ ara rẹ. Láti àwọn ọdún 1950 ni Dókítà Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, ọmọ Abẹ́òkúta, ti jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé láàárín ìlú pẹ̀lú ẹbí wọn nítòsí ọsibítù ọpọlọ Arọ̀. Ní January 2023 ni Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó gba ipò ti 1958. Ìwọ sì ń wá ẹ̀wọ̀n fún ìyàwó ẹbí rẹ. Mo ti fi ọ́ lé Ọlọ́hun lọ́wọ́.

Tí irú èyí bá mú ẹnì kan níwájú yín, ẹ má pé lé e lórí, ẹ má pariwo, ẹ má sì fi ọ̀rá bò ó nímú. Ẹnì kan ni kó jókòó tì í. Mi ò sì sọ pé kíka àwọn nǹkan tó yí mi ká nìkan ló wò mí sàn o. Mo ṣì ń lọ rí dókítà, a sì jọ ń sọ̀rọ̀. Kíkà yẹn ló máa ń dì mí mú títí tí yóò fi kọjá.

Lánàá, a ò tíì kúrò ní Gánmọ tí àyà mi ti bẹ̀rẹ̀. Àǹtí mi di ọwọ́ mi mú, kò sọ nǹkan kan. Mo bẹ̀rẹ̀: iṣu lórí àtẹ, ọmọ iléèwé mẹ́ta lórí ọ̀kadà, pátákó iléẹ̀kọ́ ARMTI, màlúù, igi òrí. Nígbà tá a dé Àjàṣẹ́, èmi ni mo ní kí dẹ́rẹ́bà dúró ká ra àkàrà. Àǹtí mi bú sẹ́kún. Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Mo ti ja tèmi kí n tó wọ ìlú.

Nọ́ọ̀sì mi, mo padà wá sí wọ́ọ̀dù yẹn, wọ́n ní wọ́n ti gbé ọ lọ síbòmíràn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó bá mi sọ fún un pé mò ń wá a. Mo ti ní kí wọ́n hun gèlè òfì kan fún un, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò sì tà á fún ẹnikẹ́ni.