Indian Arrows: Àwọn Ọ̀dọ́ Tí Wọ́n Fi Sáàárín Àgbà

Orúkọ Ranti Martins Soleye ló kọ́kọ́ mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé líìgì bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Íńdíà. Bí ọmọ ilẹ̀ wa bá ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ní ibi tó jìnnà bẹ́ẹ̀, tó sì jẹ́ pé òun ló gbá ayò wọlé jù lọ nínú I-League ní sáà 2010 sí 2011, ó yẹ kí ènìyàn fẹ́ mọ irú ìdíje tó ń kópa nínú rẹ̀. Níbi tí mo ti ń tọpasẹ̀ Ranti àti Dempo, ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Goa, ni mo ti ṣàkíyèsí ikọ̀ kan tí kò jọ èyíkéyìí nínú àwọn yòókù. Kò ní àjèjì kankan nínú, kò sí àgbà ọ̀jẹ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún un ni kò sì tíì pé ọmọ ogún ọdún. Indian Arrows ni wọ́n ń pè é, láti ìgbà náà sì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wọ̀ mí lára.

Àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní Íńdíà, ìyẹn AIFF, ló dá ikọ̀ náà sílẹ̀ ní ọdún 2010. Bob Houghton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn, ló mú ìmọ̀ràn náà wá. Ìṣòro tó wà nílẹ̀ kò fara sin fún ẹni tó bá ń wo líìgì wọn. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá bíi Mohun Bagan àti East Bengal ń lépa ife lọ́dọọdún, ẹni tó bá sì ń lépa ife kì í fi ọmọ ọdún 18 síwájú nígbà tó bá lágbára láti sanwó fún ọmọ Nàìjíríà tàbí ọmọ Brazil tí egungun rẹ̀ ti le. Nítorí náà, àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n lẹ́bùn a máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹni tó bá sì lo ọdún 18 sí 21 rẹ̀ lórí ìjókòó, ohun tó pàdánù kì í sábà padà wá. Ojútùú tí wọ́n rí sí i ni pé kí wọ́n kó àwọn ọmọ náà jọ sínú ikọ̀ kan ṣoṣo, kí wọ́n sì fi ikọ̀ náà sínú líìgì àwọn àgbà, kí wọ́n máa gbá a pẹ̀lú ẹni tó jù wọ́n lọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí Íńdíà dé Ife Àgbáyé ti ọdún 2018. Ìlérí yẹn ga ju ohun tí agbára wọn gbé lọ, Íńdíà kò sì débẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí a ti lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà so èso kò ju ara àwọn ọmọ náà lọ.

Jeje Lalpekhlua, ọmọ ìpínlẹ̀ Mizoram, kò ju ọmọ ọdún 19 lọ nígbà tí sáà àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, òun ló sì gbá ayò wọlé jù lọ fún wọn. Gurpreet Singh Sandhu, tí East Bengal yá fún wọn, wà lára àwọn aṣọ́lé wọn. Ní ọdún 2011, ilé iṣẹ́ Pailan ṣe onígbọ̀wọ́ wọn, orúkọ yí padà sí Pailan Arrows, wọ́n sì kó lọ sí Kolkata, níbi tí Pritam Kotal ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Nígbà tó fi máa di ọdún 2013, kò sí onígbọ̀wọ́ mọ́, àjọ náà sì tú ikọ̀ ká.

Ohun tó jí i padà ni ìdíje Ife Àgbáyé ti àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju 17 lọ, tí Íńdíà gbà lálejò ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017. Wọ́n pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n gbá, síbẹ̀ ayò kan ṣoṣo tí wọ́n gbá wọlé ti wọ inú ìtàn: ní Delhi, lòdì sí Colombia, Jeakson Singh fò sókè nígbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kọ́nà, ó sì fi orí kàn án wọlé, èyí tó jẹ́ ayò àkọ́kọ́ tí Íńdíà gbá wọlé nínú ìdíje Ife Àgbáyé èyíkéyìí ti FIFA. Kí inú wọn tó dùn tán, Colombia ti dá a padà, ó sì parí sí 2 sí 1. Lẹ́yìn gbogbo owó àti ọdún tí wọ́n ti ná lé àwọn ọmọ wọ̀nyí lórí, bí wọ́n bá ní kí olúkúlùkù wá ẹgbẹ́ tirẹ̀ lọ, orí bẹ́ǹṣì náà ni ọ̀pọ̀ wọn ì bá tún padà sí. AIFF dá ikọ̀ náà padà sínú I-League lábẹ́ Luís Norton de Matos, ọmọ ilẹ̀ Potogí tó ti ń kọ́ wọn bọ̀, pẹ̀lú òfin méjì: wọn kò gbọdọ̀ ní àjèjì, wọn kò sì ní jábọ́ kúrò nínú líìgì bó ti wù kí wọ́n pàdánù tó.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ wọn, ní òpin oṣù Kọkànlá ọdún náà ní Goa, wọ́n na Chennai City ní 3 sí 0. Ní oṣù Kejìlá, ní pápá ìṣeré Ambedkar ní Delhi, wọ́n tún na Shillong Lajong ní 3 sí 0, ayò kan sì wà nínú rẹ̀ tí kò tíì sú mi láti wò. Nongdamba Naorem, ọmọ Manipur tó jẹ́ ọmọ ọdún 17, gba bọ́ọ̀lù ní apá òsì, ó sì kọjú sí àwọn ẹlẹ́yìn Shillong. Ó ré ẹni àkọ́kọ́ kọjá, ó ré ẹnì kejì, wọ́n rọ́ bò ó, bọ́ọ̀lù kò kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì, títí ó fi dé iwájú ilé tó sì gbá a wọlé. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé àwọn tó ń lé e jẹ́ géńdé ọkùnrin tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun.

Mo mọ̀ pé ayò bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ní ìparí sáà náà, ikọ̀ náà ló wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ipò kẹwàá nínú ẹgbẹ́ mẹ́wàá, pẹ̀lú àmì 15. Ẹni tó bá ka tábìlì líìgì nìkan yóò ní wọ́n kùnà. Inú àwọn ẹgbẹ́ mìíràn kò sì lè dùn sí òfin àìjábọ́ yẹn, ẹ̀hónú wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé ẹgbẹ́ tó ń sáré nítorí kó má bàa jábọ́ ń bá ẹni tí kò ní ohun tí yóò pàdánù díje. Shillong Lajong, tó jábọ́ ní sáà 2018 sí 2019, mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe korò tó. Síbẹ̀, mo gbà pé òfin náà tọ́. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ẹ̀rù jíjábọ́ ń bà kò ní fi ọmọ ọdún 17 sí àárín pápá fún ìgbà kẹrin lẹ́yìn tó ti ṣi ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ọmọ náà kò bá sì gbá ìkẹrin yẹn, kò sí ọ̀nà mìíràn tí yóò gbà kọ́ bí a ṣe ń gba bọ́ọ̀lù nígbà tí àgbàlagbà bá fara tì í láti ẹ̀yìn, tàbí bí a ṣe ń dá eré dúró nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi ayò kan ṣáájú. Bí ọmọdé bá ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan gbá bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè yá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò fi ìyà kọ́ ọ ní ìgbà tó yẹ kó ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí wọ́n dé. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, nígbà tí Íńdíà na Thailand ní 4 sí 1 nínú Ife Ilẹ̀ Éṣíà, tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n borí nínú ìdíje náà láti ọdún 1964, Gurpreet ló wà nínú ilé, Kotal ló wà ní ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, Jeje ló sì wọlé láti gbá ìkẹrin. Ní oṣù Keje ọdún 2023, nígbà tí wọ́n borí Kuwait nínú pẹnáríti láti gba ife SAFF, ìyẹn ife ẹkùn Gúúsù Éṣíà, Gurpreet ló dí pẹnáríti ìkẹyìn tí Kuwait gbá, Anwar Ali, Akash Mishra àti Jeakson Singh tí wọ́n ti inú ìran kejì Arrows jáde sì wà níwájú rẹ̀ nínú ikọ̀ náà. Ìran méjì láti inú ilé kan náà pàdé nínú ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè kan.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ife yẹn wọlé, ikọ̀ tó kọ́ wọn kò sí mọ́. AIFF tú u ká fún ìgbà kejì ní ọdún 2022, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi líìgì àwọn ọ̀dọ́ rọ́pò rẹ̀ kí àǹfààní lè kan ọ̀pọ̀ ọmọ. Mi ò lè bá wọn jiyàn pé ikọ̀ kan ṣoṣo kéré jù fún orílẹ̀-èdè tí èrò inú rẹ̀ ju bílíọ̀nù kan lọ. Ohun tí n kò fara mọ́ ni pé kí ọ̀kan pa èkejì. Singapore dá Young Lions tiwọn sílẹ̀ sínú líìgì àgbà ní ọdún 2003, wọn kò sì tú u ká, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìsàlẹ̀ tábìlì ni wọ́n sábà ń wà. Nílé wa níbí, Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ ní Beyond Limits, ikọ̀ ọ̀dọ́ wọn tó ń bá àgbà díje nínú NNL, líìgì onípele kejì ilẹ̀ wa, èyí sì fi ohun kan tí Arrows kò ní hàn: onílé tí kì í ṣe àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù, ìlú tí ó mọ̀ wọ́n lọ́mọ, àti ẹgbẹ́ àgbà tí ọmọ lè gòkè sí láìkúrò nílé.

Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé wọ́n ti ṣe é tì. Goa, Delhi, Kolkata, Bhubaneswar, gbogbo rẹ̀ ni ikọ̀ náà gbé, kò sì sí ibi tó ti rí olólùfẹ́ tí yóò pariwo nígbà tí wọ́n ń tú u ká. Bhubaneswar ló sún mọ́ ilé fún wọn jù, nítorí pé pápá ìṣeré Kalinga wà níbẹ̀, ìjọba Odisha sì ń náwó sórí eré ìdárayá. Bí AIFF bá tún dá a sílẹ̀ fún ìgbà kẹta, ibẹ̀ ni kí wọ́n fìdí rẹ̀ kalẹ̀ sí, kí wọ́n fi orúkọ ìlú náà pè é, kí wọ́n sì bá onígbọ̀wọ́ kan ṣàdéhùn ọdún mẹ́wàá kí ọmọ kankan tó wọ aṣọ rẹ̀.