Lẹ́tà Tó Ń Padà Lẹ́nu Ọ̀nà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ IT kan ní ọ́fíìsì wa l'Ókè-Fíà, Òṣogbo, fi server oníbàárà kan hàn mí, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba lẹ́tà íméèlì wọlé fún un. Ó ti to blocklist mẹ́sàn-án, ìyẹn lísìtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń sọ nọ́ńbà IP (àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà) tí spam, íméèlì ìjẹkújẹ, ti ń wá, sínú Postfix, ètò tó ń gba lẹ́tà wọlé. reject_rbl_client ni gbogbo wọn: bí lísìtì kan ṣoṣo bá ti dárúkọ nọ́ńbà kan, lẹ́tà rẹ̀ ò ní wọlé. Ó ní orí íńtánẹ́ẹ̀tì lòun ti dà á kọ. Àyà mi já, torí èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ jẹ́ kí n to ohun tí mo kọ́ sílẹ̀ fún yín.

Èkíní: blocklist kì í ka lẹ́tà. Nọ́ńbà IP tó gbé e wá nìkan ló mọ̀, ọ̀pọ̀ oníṣòwò tí kò mọra wọn rí sì lè wà lórí nọ́ńbà kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan bá ń fi spam ránṣẹ́, gbogbo wọn ló máa jẹ nínú ìyà ẹ̀.

Èkejì: lísìtì máa ń kú. Blocklist kan tó ń jẹ́ ORDB kógbá sílé ní oṣù Kejìlá 2006. Nígbà tó di oṣù Kẹta 2008, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí gbogbo ìbéèrè, àwọn tí wọn ò tíì yọ ọ́ kúrò sì ń lé gbogbo lẹ́tà padà. SORBS náà kógbá sílé ní oṣù Kẹfà 2024.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ jókòó sọ. Oṣù Keje 2022 ni. A ń bá ilé ìtura kan nílùú wa níbí tọ́jú íméèlì wọn. Ọdún Ọ̀ṣun ku dẹ̀dẹ̀, àwọn èèyàn ń kọ̀wé láti Èkó títí dé Bùràsílì láti gba yàrá. Lójijì, spam dá pátápátá. Àlàájà tó ni ilé ìtura náà ṣàdúrà fún mi lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Orí mi wú. Kò sẹ́ni tó fura, torí lẹ́tà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kọ síra wọn ń wọlé dáadáa: ẹni tó bá ti fi password wọlé, òfin wa kì í gbé e dé ọ̀dọ̀ blocklist.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ìyá kan pè wọ́n láti Bahia lórí WhatsApp pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni lẹ́tà òun ti padà. Mo ṣí log, àkọsílẹ̀ ohun tí server ṣe. 554, 554, 554 (kóòdù "a ò gbà á"), láti òkè délẹ̀. Báńkì, iléeṣẹ́ ìrìnàjò, gbogbo wọn la ti lé. Kò sí ọ̀kankan nínú fóldà spam tí a lè lọ hú jáde, torí ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti padà.

Ọ̀gá mi ìgbà yẹn ló yí DNS server náà, ọ̀nà tó ń gbà bi àwọn lísìtì léèrè, sí 8.8.8.8, DNS gbogbogbò ti Google, kò sì sọ fún mi. Lísìtì ọ̀fẹ́ tí a ń lò kì í dá ẹni tó bá gba ọ̀nà DNS gbogbogbò wá lóhùn gidi, torí kò lè mọ ẹni tó ń béèrè. 127.255.255.254 ló ń dá padà, ìyẹn ni pé "mi ò lè gbọ́ tìrẹ." Ṣùgbọ́n òfin tí mo kọ kò wo ohun tí ìdáhùn sọ. Ìdáhùn kí ìdáhùn tó bá ti wá, ẹ̀bi ni.

Nígbà tí a dé iwájú Àlàájà, ọ̀gá mi ní èmi ni mo ba server jẹ́. Kò mẹ́nu ba 8.8.8.8 rárá. Ọmọdé ni mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò lè já a nírọ́ lójú oníbàárà. Ó ṣì ń dùn mí di òní.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ohun tí mo sọ server yẹn dà nìyẹn. Ẹlẹ́rìí ni blocklist, ẹ má sọ ọ́ di adájọ́. Ẹ jẹ́ kí SpamAssassin, ètò tó ń fi máàkì mọ spam, fún un ní máàkì tirẹ̀, kó da ti SPF àti DKIM (àyẹ̀wò bóyá ibi tí lẹ́tà ní òun ti wá ló ti wá lóòótọ́) àti ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà pọ̀ mọ́ ọn. Tí ẹ bá máa lé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà dandan, ẹ kọ ìdáhùn tí ẹ gbà tẹ̀lé orúkọ lísìtì náà, bíi =127.0.0.[2..11], kí ẹ sì fi warn_if_reject, tó kàn ń kọ ọ́ sínú log, wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó lé ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé Unbound, DNS tiyín, sórí server fúnra rẹ̀. Láràárọ̀ Ọjọ́ Ajé, mo máa ń bi lísìtì kọ̀ọ̀kan léèrè nípa nọ́ńbà ìdánwò méjì, 127.0.0.2 àti 127.0.0.1. Ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ìkejì kò gbọdọ̀ sí.

Èmi àti ọmọ IT náà jọ jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. A yọ méje nínú mẹ́sàn-án. Mẹ́rin nínú wọn ti kú tipẹ́.