Ó ti ń palẹ̀ mọ́

Ọjọ́bọ̀. Òjò rọ̀ láàárọ̀, ó dá lọ́sàn-án, ó tún ti ń ṣú bọ̀ báyìí tí mo ń kọ èyí.

Oníṣẹ́ iná parí tiẹ̀ lónìí lábẹ́ ilé wa tá à ń sọ di ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ igi mi. Mo kan pẹpẹ tó kẹ́yìn. A jẹ iyán. Ọ́fíìsì, mi ò lọ, mo ti gbàyè láti àná.

Gbólóhùn kan ló há sí mi létí láti àárọ̀ bí eegun ẹja. Mo wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, mo lóṣòó, mò ń ṣa ìṣó. Fèrèsé kékeré òkè ògiri yẹn ṣí sílẹ̀, ẹ̀yìnkùlé Màmá, aládùúgbò wa, ló kọjú sí. Ẹnì kan bi Màmá pé ariwo òòlù wo làwọn ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí. Màmá ní, "Bàbá Ìbejì ni. Ó ti ń palẹ̀ mọ́."

Ni wọ́n bá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ owó gaàrí.

Ó ti ń palẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ń palẹ̀ mọ́, òótọ́ ni. Ẹni tó ń rìnrìn àjò náà ń palẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà la ṣe máa ń sọ ọ́ nípa arúgbó tó pe àwọn ọmọ jọ, tó fi ààlà ilẹ̀ hàn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni ọdún 58 ni mí. Eyín mi pé! Lóòótọ́, 1993 ni mo wọṣẹ́ ìjọba ní Alágbàka, tó bá sì di 2028 ìwé ìfẹ̀yìntì á dé. 35 ọdún lẹ́nu iṣẹ́ tàbí 60 ọdún láyé, èyí tó bá kọ́kọ́ dé ni. Tèmi, àwọn méjèèjì ló jọ ń sáré bọ̀.

Nígbà tá a bẹ̀rẹ̀, mo sọ fún yín pé nítorí ibi tí mo máa kó irinṣẹ́ sí ni. Irọ́ kọ́. Ó kàn jẹ́ pé…

Ẹ jẹ́ n sọ ti iṣẹ́ náà ná. Ilẹ̀ wa dà gẹ̀rẹ̀, ẹ ti mọ̀. Téèyàn bá dúró níwájú, ilé ilẹ̀ lásán ni. Tó bá gba ẹ̀yìn, ó di alájà méjì. Ewúrẹ́ ló ni abẹ́ yẹn fún ọdún 14. Àpáta pọ̀ nínú ilẹ̀ Àkúrẹ́ yìí. Bíríkìlà gbẹ́ ẹ dé kọ̀rọ̀ ọ̀tún, dígà ní kàn-án! Wọ́n ní ká dáná sí i kó lè sán. Ìyá Ìbejì ní ṣé lábẹ́ ilé tóun ń sùn sí? A fi í sílẹ̀. Ó wà níbẹ̀, ó ga dé orúnkún, orí rẹ̀ tẹ́jú.

Omi ni mo bẹ̀rù jù. Ògiri ẹ̀yìn tó fara ti ilẹ̀ yẹn, lọ́dún tó kọjá ńṣe ló ń làágùn bí ẹni tí ibà mú. A gbẹ́ kòtò sẹ́yìn rẹ̀, a ri páìpù tá a dáhò sí lára, a da òkúta wẹ́wẹ́ bò ó kí omi lè rí ọ̀nà gbà lọ. Mo fọwọ́ kan ògiri náà lẹ́yìn òjò òwúrọ̀. Ó gbẹ. Mo tún fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Ó tutù, bóyá ó gbẹ.

Gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ga dé àyà mi, nítorí omi yẹn náà ni. Wáyà 2.5 mm² ló lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 mm² tó nípọn jù ú lọ ló lọ sí ẹ̀rọ ayùn, pẹ̀lú bíréékà tiẹ̀ lọ́tọ̀. Irin kọ́pà tó máa ń gbé iná tó bá ṣìnà wọlẹ̀ ló dà wá láàmú, àpáta ò jẹ́ kó wọlé. A wá gbẹ́ kòtò sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, oníṣẹ́ iná da èédú sí i, ó da iyọ̀ lé e, ó ri irin náà síbẹ̀. Ẹni tó bá ń kọjá lọ á rò pé ètùtù là ń ṣe. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rántí Màmá, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ká máa gbé jẹnẹrétọ̀ síbẹ̀ kí olè má bàa gbé e. Nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ò ju ìwé ìròyìn lọ! Ohun tó ń pànìyàn nínú èéfín yẹn kò ní òórùn, ojú oorun ló ń bá èèyàn. Mo ní ìta ni yóò máa wà. Tí mo bá tiẹ̀ ń palẹ̀ mọ́, kì í ṣe lọ́nà yẹn.

Pákó arère ni mo fi ṣe pẹpẹ torí ó fúyẹ́. Ikán sì fẹ́ràn arère ju bí mo ṣe fẹ́ràn iyán lọ, nítorí náà mo fi Solignum, oògùn ikán, kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, mo fi ìrókò ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Òórùn rẹ̀ ò tíì kúrò lọ́wọ́ mi.

Ìṣó yẹn ńkọ́. Agolo mẹ́ta ìṣó tó ti tẹ̀ ni mo bá nínú àpò símẹ́ńtì kan. Òmíràn ti ká bí ìwọ̀ ẹja, ìpẹtà ti so òmíràn mọ́ra wọn. Mo fẹ́ dà wọ́n nù. Mo mú ọ̀kan, mo gbé e lé orí àpáta yẹn, mò ń fi òòlù kàn án díẹ̀díẹ̀, mò ń yí i, kó, kó, kó, títí ó fi tọ́. Mo mú ìkejì. Wákàtí kan àbọ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹni tó ń palẹ̀ mọ́ máa ń na ìṣó? Ẹni tó ń na ìṣó ń retí ohun tó máa kàn. Àbí irú wọn gan-an ló máa ń jókòó ti ìṣó.

Mo sọ ọ́ fún Ìyá Ìbejì nídìí iyán. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Ṣé ẹ ò palẹ̀ mọ́ ni? Ìgbẹ́ ewúrẹ́ ọdún 14!" Ara mi wálẹ̀. Nígbà tó ń kó abọ́ lọ, ó yíjú padà: "Ẹ ṣáà má jẹ̀ẹ́ kí ìwé ilẹ̀ bá àwọn ẹrù yẹn lọ o. Ibo lẹ fi í sí?"

Mi ò tíì dáhùn.

Nírọ̀lẹ́ ni Màmá fúnra wọn yọjú, wọ́n gbé àpótí ìdáná wọn dání, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀. "Bàbá Ìbejì, wọ́n ní o ti ní ṣọ́ọ̀bù." Mo ní, "Ẹ káalẹ́, Màmá. Ẹ wá wò ó." Wọ́n ní àtẹ̀gùn yẹn ti pọ̀ jù fún orúnkún àwọn. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. Mo la ẹnu, mo bi wọ́n pé báwo ni orúnkún. Wọ́n ní ó ń ṣe wọ́n bó ṣe ń ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n kí àpótí náà jáde kó tó di Sátidé, torí àwọn ọmọ ń bọ̀.

Ìṣó mẹ́ta ló gbà. Lára àwọn tí mo nà ni.

Iná ti lọ. Òjò ti dé. Mò ń lọ wo ògiri ẹ̀yìn yẹn.