Ta Ni Mò Ń Dúró Dè?

Gbólóhùn kan tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ bó ṣe ń kọjá lẹ́yìn mi ló gba gbogbo ọkàn mi lálẹ́ yìí: "Ṣebí ìwọ nìkan lo ń gbá géèmù yìí? Ta wá lò ń dúró dè?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló béèrè, nítorí kò sí ohun mìíràn lójú ẹ̀rọ náà ju ìkéde kan tó ń bẹ̀ mí pé kí n ṣe sùúrù, pé èrò ṣì pọ̀ níwájú mi.

Iṣẹ́ òòjọ́ lọ bó ṣe yẹ kó lọ. Mo parí ohun tó wà nílẹ̀, mo fèsì sí àwọn lẹ́tà tí kò ṣeé fi sílẹ̀ di ọ̀la, mo sì tètè palẹ̀ mọ́ nítorí géèmù tí ẹ̀yin náà mọ̀ pé mo ti ń retí tipẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìbéèrè yẹn ló kù.

Òótọ́ sì ni ẹ̀gbọ́n mi sọ. Ìtàn ẹnìkan ṣoṣo ni géèmù náà. Kò sí alátakò tó jókòó síbòmíràn tó ń bá mi figagbága, kò sí ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ wọ̀, n kò sì ní ohunkóhun láti bá ẹnikẹ́ni pààrọ̀ níbẹ̀. Àwòrán rẹ̀, ohùn rẹ̀ àti ìtàn rẹ̀ látòkèdélẹ̀ ti wà lórí ẹ̀rọ mi kí ọjọ́ tí yóò jáde tó pé. Síbẹ̀, kò ní ṣí àfi bí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá ilé-iṣẹ́ tó ṣe é tí ẹ̀rọ mi ń bá sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bá kọ́kọ́ jẹ́rìí pé èmi ni mo rà á, bí nẹ́tíwọ̀kì bá sì já nígbà tí mo bá ti wọlé, yóò lé mi padà sí ojú ewé àkọ́kọ́, gbogbo ohun tí mo ti ṣe láti ìgbà tí ó ti fi nǹkan pamọ́ gbẹ̀yìn yóò sì dòfo. Mo ti sanwó ná. Kí ni ẹ̀rí tún kù?

Ta ni mò ń dúró dè? Èsì tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé mò ń dúró de àwọn ẹlòmíràn tó rà á lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú mi. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé èsì yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kò sí ohun tó dà wá pọ̀. Àwọn náà fẹ́ dá jókòó ti ìtàn tiwọn ni, kò sì sí ìkankan nínú wa tí ìbá dí ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ bí wọ́n bá fi kálukú sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tó rà. Àwọn tó kó wa jọ sójú ìlà kan ṣoṣo ló sọ wá di èrò.

Ohun tó tún ń dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ yìí ti gbó. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2012 tí géèmù Diablo III jáde, ìkéde àṣìṣe "Error 37" ni ọ̀pọ̀ àwọn tó rà á rí dípò géèmù, nítorí pé èrò ti bo sáfà mọ́lẹ̀, kò sì sí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó fẹ́ bá ọ̀rẹ́ gbá a àti ẹni tó fẹ́ dá a gbá. Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún 2013, ó kan SimCity, géèmù tí ènìyàn fi ń kọ́ ìlú. Tìyẹn burú débi pé Amazon dáwọ́ títa ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì dúró fún ìgbà díẹ̀, Electronic Arts, ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde, sì ní kí àwọn tó ti rà á mú géèmù mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Àlàyé tí wọ́n ṣe nígbà náà ni pé sáfà wà lára ohun tó ń ṣírò bí ìlú inú géèmù náà ṣe ń ṣiṣẹ́, pé yíyọ ọ́ kúrò kì í ṣe ohun tó rọrùn. Kò pẹ́ rárá tí ẹnìkan tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dunjú fi hàn pé ìlú náà ń bá tirẹ̀ lọ bí kò tilẹ̀ sí sáfà kankan. Ní oṣù Kẹta ọdún 2014, àwọn tó ṣe géèmù náà fúnra wọn gbé àtúnṣe jáde pé kí ẹni tó bá fẹ́ máa gbá a láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọdún kan gbáko ló wà láàárín àlàyé yẹn àti àtúnṣe yìí. Ọdún yẹn ni mo máa ń rántí nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ pé nǹkan kan kò ṣeé ṣe. Diablo III pàápàá, nígbà tí wọ́n gbé e dé orí àwọn ẹ̀rọ géèmù PlayStation 3 àti Xbox 360 lọ́dún 2013, kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹni tó ń dá a gbá. Géèmù kan náà ni, àwọn kan náà ló sì ṣe é.

Bí mo ṣe ń kọ eléyìí ni inú mi ń rọ̀ díẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ìbínú gba òdodo lọ́wọ́ mi. Ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn. Àwọn olè tó ń da ẹ̀dà géèmù kọ láìgba àṣẹ wà lóòótọ́, ẹni tó fi ọdún gbọọrọ ṣiṣẹ́ lórí nǹkan kò sì yẹ kó pàdánù èrè rẹ̀. Àwọn géèmù mìíràn wà tí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ dandan fún ní tòótọ́. Microsoft Flight Simulator, géèmù wíwa ọkọ̀ òfurufú, fẹ́ gbé gbogbo ayé wá síwájú ẹni, àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ sì pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ inú ilé lè gbà lọ, nítorí náà ó yé mi pé láti òkèèrè ni yóò ti máa wá. Síbẹ̀ náà, nígbà tí ẹ̀dà 2024 jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, sáfà rẹ̀ kò lè gba èrò tó ya bò ó, àwọn tó wà nídìí rẹ̀ sì jáde wá bẹ àwọn ènìyàn. Ìyẹn kò dùn mí bí èyí ṣe dùn mí. Mo mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè níbẹ̀: ayé ni wọ́n ń dúró dè.

Mo tún ro ti àwọn òṣìṣẹ́ tí kò ní fojú kan oorun lálẹ́ yìí nítorí sáfà tó dákú. Ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ àwọn ló pinnu pé kí ó rí báyìí. Bí mo bá ń kígbe, àwọn ni igbe náà yóò kọ́kọ́ kàn, kì í ṣe ẹni tó fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ta ni ẹni náà? Mo ti tún padà sídìí ìbéèrè kan náà. Ta ni mò ń dúró dè?

Ìdúró tòní yóò dópin, ìyẹn ò bà mí lẹ́rù. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ọjọ́ tí wọn yóò pa sáfà náà pátápátá. Ilé-iṣẹ́ Ubisoft gbé The Crew, géèmù ọkọ̀ wíwà kan, jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, wọ́n sì pa sáfà rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2024. Nígbà tí ọjọ́ náà dé, ẹni tó ní díìsìkì rẹ̀ lọ́wọ́ kò lè fi ṣe ohunkóhun mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn lè dá wakọ̀ nínú rẹ̀ láìbá ẹnikẹ́ni díje. Ìyẹn ló mú kí Ross Scott, ẹnìkan tó ń ṣe fídíò nípa géèmù lórí YouTube, bẹ̀rẹ̀ ìpolongo Stop Killing Games (Ẹ Yé Pa Géèmù), ìwé ẹ̀bẹ̀ tó ti ibẹ̀ jáde ní Yúróòpù sì ti gba ìbuwọ́lùwé tó ju mílíọ̀nù kan lọ nígbà tó di oṣù Keje ọdún 2025. Ní California, wọ́n fọwọ́ sí òfin kan lọ́dún 2024 tó ní kí olùtajà sọ ọ́ kedere bó bá jẹ́ pé àṣẹ láti lo nǹkan lásán ni oníbàárà ń rà, kì í ṣe nǹkan náà fúnra rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n sọ fún pé ohun tó rà lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ni?

Ó ṣí níkẹyìn, òru sì ti jìn. Mo gbá a díẹ̀, ó sì dára, ó dára ju bí mo ṣe rò ó lọ, orin inú rẹ̀ pàápàá. N kò mọ ohun tí ǹ bá fi ìyẹn ṣe. Ó ì bá rọrùn fún mi bí kò bá dára.

Kí n tó jókòó kọ èyí, mo ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà. N kò bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Mo béèrè ohun tí sáfà wọn ń ṣe gan-an nínú ìtàn tí ènìyàn ń dá gbá, mo sì bi wọ́n bóyá wọn yóò gbé àtúnṣe jáde tí a ó fi lè máa ṣí i fúnra wa kí ọjọ́ tí wọn yóò pa sáfà náà tó dé. Bí wọ́n bá fèsì, èmi yóò gbé e síbí kí ẹ kà á.