Ohun tí ámpù tó jó mọ́ mi lọ́wọ́ kọ́ mi

Ojúde Ọba ku ọjọ́ mẹ́rin ni ámpù mọ́tò mi, ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára, jó. Mo fẹ́ kí gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde gbọ́ pé Camry mi ti wọ̀lú, ni mo bá lọ ra súbù méjì, sípíkà ńlá tó ń gbé béèsì jáde, àti ámpù tòkunbọ̀ kan ní Èkó. Wọ́n kọ 2000 watts gàdàgbà sára rẹ̀, mo sì gbà á gbọ́.

Bọ̀ọ̀dá rìwáyà tó bá mi so ó kò bèèrè nǹkan kan ju ibi tí mo fẹ́ kí àpótí súbù wà lọ. Ó dún o! Gíláàsì ẹ̀yìn ń gbọ̀n rìrì. Àmọ́ kí n tó rin ìdajì ọ̀nà Ṣágámù, ámpù á ti gbóná bí áyọ́ọ̀nù, á sì kú. Bó bá tutù, mo tún tàn án. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, títí tí òórùn rọ́bà tó ń jó fi kún inú mọ́tò.

Bàbá oníṣẹ́ rédíò kan ní Ṣágámù ló bá mi tú u.

“Ọmọ mi, ohm mélòó ni súbù rẹ?”

“Ẹ má bínú, Bàbá, mi ò mọ̀.”

Ó dojú súbù dé: ohm 4, ìyẹn bí súbù ṣe ń dènà iná tó, ni wọ́n kọ sídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí a bá so pọ́sítíìfù méjèèjì pọ̀, tí a so nẹ́gẹ́tíìfù méjèèjì pọ̀, 4 àti 4 kì í di 8. 2 ló ń dà. Bí ohm bá sì ṣe kéré tó ni iná tí súbù ń fà lára ámpù ń pọ̀ tó. Ṣáńẹ́ẹ̀lì méjì, ojú ọ̀nà tí ohùn ń gbà jáde, ni ámpù mi ní, rìwáyà sì ti fi bridge sọ wọ́n di ọ̀kan. Ìwé rẹ̀ sọ ọ́ kedere pé tí a bá ti bridge ẹ̀, kò gbọdọ̀ gba ohun tó kéré sí ohm 4. Èmi gbé 2 lé e lórí. 2000 tí mo sì ń fi yangàn, agbára ìṣẹ́jú àáyá ni. RMS, èyí tó lè gbé látàárọ̀ ṣúlẹ̀, 500 péré ni.

Monoblock, ámpù oníṣáńẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ni mo lò lẹ́yìn náà, RMS 600 ní ohm 2, nítorí 300 ni súbù kọ̀ọ̀kan ń gbà. Gain, ohun tí a fi ń mú ámpù bá agbára ohùn tó ń wọlé láti rédíò mu, tí rìwáyà yí dópin lára ti àkọ́kọ́, Bàbá yí i sílẹ̀ lára èyí. Kì í ṣe fólúùmù. Tí ohùn bá ti ń ya nítorí rẹ̀, kọ́ìlì súbù ń jóná nìyẹn.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù kò sí nínú ámpù rárá. Wáyà tó ti ìdí bátìrì lọ sí búùtù kò ní fíùsì. Ihò páànù lásán ni wọ́n gbà kọjá, etí páànù sì ti gé rọ́bà rẹ̀, kọ́pà ti yọjú. Ká ní ó kan bọ́dì, gbogbo agbára bátìrì ni ì bá dà sínú wáyà yẹn, mọ́tò á sì gbiná. Fíùsì ara ámpù kò lè gbà wá níbẹ̀, torí òpin ọ̀nà ló wà. Bàbá fi fíùsì ámpíà 60 sí i, kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ sí bátìrì, ó ki rọ́bà sí ihò náà, ó ha ọ̀dà kúrò lára irin kó tó de wáyà ilẹ̀ mọ́ ọn.

Ojúde Ọba ọdún yẹn, sípíkà ilẹ̀kùn nìkan ni mo fi wọ̀lú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú gèlè rẹ̀, ó ní ọpẹ́ ni, orí kò fọ́ òun lọ́dún yìí.