A ti dé Inuvik o

Ọ̀nà Dempster la gbà wá, láti Yukon ní apá àríwá Kánádà. Bíi kìlómítà 740, kì í ṣe títì ọlọ́dà, òkúta wẹ́wẹ́ ni. Ẹ má rò pé ìjọba wọn ò lówó o! Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ló dì gbagidi, kì í yọ́ tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò. Òkúta tí wọ́n dà nípọn yẹn ni kì í jẹ́ kí ooru dé ìsàlẹ̀. Bó bá yọ́ pẹ́nrẹ́n, ọ̀nà á rì.

A rọ epo kún táǹkì bámúbámú, torí ó di Eagle Plains, kìlómítà 369, kí èèyàn tó tún rí ilé epo. Kò sẹ́ni tó ń ta gàlà, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìyàwó mi ní, "Dádì, àbí àwa nìkan ló kù láyé ni?" Ní Tombstone, òkè dúdú ṣóńṣó-ṣóńṣó lọ́tùn-ún lósì, koríko ìsàlẹ̀ wọn sì pọ́n bí epo pupa.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni odò Peel. Kò ní afárá. Katakátà ń ti erùpẹ̀ bọ etí omi kí táyà má bàa rì, la bá wa mọ́tò rọra gun pàǹtóònù. Ọ̀fẹ́ ni! Tí òtútù bá dé, odò á dì, mọ́tò á máa gba orí rẹ̀ kọjá.

Lọ́la, bí òjò ò bá dí wa lọ́wọ́, ó di Tuktoyaktuk létí òkun Arctic. Ọdún 2017 ni wọ́n ṣí ọ̀nà ibẹ̀.